Àkànní, Kí Ló Ń Lé Ọ?

Ilé-Ogbó,
Ọjọ́ 9, oṣù Ọ̀pẹ.

Àkànní ọmọ mi,

Iṣẹ́ ńkọ́? Ìyàwó ńkọ́? Ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń fẹsẹ̀ tẹlẹ̀ ńkọ́, ṣé kì í jẹ́ kí ẹ sùn lóru? Ìyá rẹ kí ọ. Ó ní láti ọjọ́ Jímọ̀ ni òun ti ń retí ìpè rẹ. Àǹtí rẹ l'Ólúpọ̀nnà kí ọ, ó ní kí o má gbàgbé ohun tí ẹ jọ sọ. Ọyẹ́ ti dé sọ́dọ̀ wa. Gbogbo ètè ló ti bẹ́, eruku sì ti sọ ewé kòkó ẹ̀yìnkùlé di pupa. Orúnkún mi dùn mí ju ti èṣí lọ, ṣùgbọ́n mo ṣì ń rìn dé mọ́sálásí fúnra mi, a dúpẹ́. Owó tí o fi ránṣẹ́ lórí ògiri ilé bàbá rẹ dé ọwọ́ mi. Ọlọ́run á fi kún un. Bíríkìlà ti wá wò ó, ó ní ìpìlẹ̀ kò ní nǹkan kan, omi òjò ló ń jẹ ẹ́. Ìyẹn á dọjọ́ mìíràn.

Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ògiri ló mú mi jókòó kọ̀wé lóru.

Lọ́jọ́ Àìkú tó kọjá, níbi ìkómọjáde kan ní Ìwó, obìnrin kan jókòó tì mí, a jọ ń jẹun. Ló bá yíjú sí mi, ó ní, "Bàbá, ẹ kú oríire ọmọ yín tí kò kú sórí afárá l'Ékòó." Òkèlè dúró sí mi lọ́fun. Mo rò pé mọ́tò ni. Mo ní ọmọ wo? Ó ní, "Ọmọ àbúrò yín tó sáré."

Àkànní, oṣù Èrèlé lo ti ṣubú, oṣù Ọ̀pẹ la wà yìí. O wá Iléyá, o jókòó níwájú mi, o jẹ ẹran, o rẹ́rìn-ín, o kò sọ ọ́. Ẹlòmíràn ló sọ ọ́ fún mi níbi àmàlà.

Obìnrin yẹn sọ gbogbo rẹ̀. Ó ní nọ́ńbà ọ̀rẹ́ rẹ lo lẹ̀ mọ́ àyà, torí pé ìgbà tí o jí sí ọ̀rọ̀ náà, ìforúkọsílẹ̀ ti parí. Ọ̀rẹ́ rẹ sì ti kọ nọ́ńbà fóònù ìyá rẹ̀ sí ẹ̀yìn bébà nọ́ńbà náà. Nígbà tí o ṣubú, tí o ń sọ kántankàntan, àwọn tó gbé ọ yí bébà náà padà, wọ́n pe ìyá ọlọ́mọ. Obìnrin náà kígbe, ó ká aṣọ rẹ̀ sókè, ó sáré já sí títì. Ọmọ tirẹ̀ sì rèé, ó ń sùn ní yàrá. Ṣé o rí ohun tí o ṣe? Bí ọlọ́jọ́ bá dé lọ́jọ́ náà, orúkọ ọlọ́mọ ọlọ́mọ ni wọn ì bá fi gbé òkú rẹ. Bí dókítà bá wá irú ẹ̀jẹ̀ rẹ tàbí àìsàn tó wà lára rẹ, ti ọ̀rẹ́ rẹ ni wọn ì bá rí. Inú mi bàjẹ́ lórí èyí ju ìṣubú náà lọ. Ẹsẹ̀ lè ṣìnà. Ẹni tó pa orúkọ bàbá rẹ̀ tì tó fi tẹlòmíràn sí àyà, ó mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é ni.

Wọ́n sì ní o tún fẹ́ lọ ní oṣù Èrèlé tó ń bọ̀.

Mo mọ eré maratọ́ọ̀nù Èkó náà dáadáa, má ṣe rò pé ọ̀rọ̀ àgbàlagbà oko ni mò ń sọ. Ọjọ́ 6 oṣù Èrèlé 2016 ni wọ́n kọ́kọ́ sá a, láti pápá ìṣeré ìjọba àpapọ̀ ní Súrùlérè títí dé Eko Atlantic létí òkun. Kìlómítà 42 ó lé díẹ̀. Abraham Kiptum, ọmọ Kẹ́ńyà, ló gbà á, ní wákàtí 2 àti ìṣẹ́jú 16. Mo rí i nínú tẹlifíṣọ̀n, mo sì dìde dúró nínú pálọ̀, ìwọ náà mọ̀ pé eré kì í jẹ́ kí n jókòó. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ ọmọ yẹn nìyẹn. Bí ìwọ ṣe ń jí lọ sídìí kọ̀ǹpútà ní Marina, bẹ́ẹ̀ lòun ti ń jí sójú ọ̀nà nígbà náà, láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́, láti ọdún gbọọrọ. Ìwọ jókòó láti àárọ̀ dalẹ́, o tún jókòó nínú gosíló títí ilẹ̀ fi ṣú. Òpin ọ̀sẹ̀ nìkan lo ń sá díẹ̀ ládùúgbò. O wá ní o fẹ́ sá 42.

Nígbà Iléyá, mo rántí, o ń pe Abebe Bikila fún àwọn àbúrò rẹ, pé ẹsẹ̀ lásán ló fi sáré ní Róòmù. Òótọ́ ni. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta péré ló kù kí Nàìjíríà gba òmìnira, ní 1960. Mo rò pé eré ìtàn lásán ni, n kò mọ̀ pé ara rẹ lò ń bá sọ̀rọ̀. Sójà ẹ̀ṣọ́ ọba ni Bikila, wọ́n ti kọ́ ọ, wọ́n ti mú un sáré yí orí òkè Adís Ábébà ká kó tó gbé àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ sójú títì Róòmù. Ẹ máa ń ka ẹsẹ̀ tí kò wọ bàtà, ẹ kì í ka ọdún tó wà nínú ẹsẹ̀ náà.

Ọmọ tíṣà ẹlẹgbẹ́ mi tó wà l'Óṣogbo ti sá a lẹ́ẹ̀mejì. Mo ránṣẹ́ pè é lọ́jọ́ Ajé, ó wá, ó sì là á yé mi. Ó ní ìdájí ló dùn jù: ìlù, orin, afẹ́fẹ́ tútù, ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn tó ń tú jáde bí agbo ẹran. Ikorodu Road ò le. Títí dé Gbàgádà, èèyàn á rò pé òun lè sáré dé Ìbàdàn. Afárá Third Mainland ni ọ̀rọ̀ wà. Afárá tó lé ní kìlómítà 11, kò sí ewé kan lókè rẹ̀. Oòrùn ń jó ọ lórí, ọ̀sà ń dá ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ padà sí ọ lójú, kọnkéré ń gbóná lábẹ́ bàtà. Ọ̀rá piọ́wọ́tà bo ilẹ̀, ó ń yọ èèyàn. Ó ní lẹ́yìn kìlómítà 30, oúnjẹ tí ara kó pamọ́ sínú ẹ̀dọ̀ àti iṣan á tán, àfi bíi kí wọ́n pa iná. Ẹsẹ̀ á di igi. Pàjápàjá á mú ojúgun. Iyọ̀ á funfun lójú èèyàn bí ìyẹ̀fun. Àwọn tó dúró létí ọ̀nà á máa pariwo pé "Ó kù díẹ̀!", kìlómítà 12 ló sì kù. Ó ní èyí ló dun òun jù, pé wọ́n fi ìfẹ́ parọ́ fún òun. Èékánná ẹsẹ̀ rẹ̀ méjì ṣì dúdú. Síbẹ̀, nígbà tó dé etí òkun, ó sunkún bí ọmọdé, ó ní òun kò tíì ní irú ayọ̀ bẹ́ẹ̀ rí. Mo wo ojú rẹ̀, mo rí i pé òótọ́ ló ń sọ.

Nítorí náà n kò ní sọ fún ọ pé eré kò dára. Bàbá rẹ ni mo fẹ́ sọ.

O mọ̀ pé ó ṣubú lọ́nà Kúta ní 1983. Gbogbo ilé ló mọ ìyẹn. Wọ́n máa ń sọ pé ibà ló ń ṣe é tẹ́lẹ̀ tí kò sọ. Irọ́ ni. Èmi ni mo dá irọ́ náà sílẹ̀, ó sì gbà á mọ́ mi lẹ́nu títí ó fi kú.

Èmi ni tíṣà eré ìdárayá nílé ìwé náà. Oṣù Èrèlé ni, ọyẹ́ ti ń lọ, ooru ti dé. Eré ọ̀nà jíjìn ni, àwọn tó bá mókè yóò lọ dúró fún agbègbè Ìwó. Bàbá rẹ ò tíì pé ọdún 16. Kò sí ẹni tó lè sáré bíi tirẹ̀ ní gbogbo àyíká wa. Nígbà yẹn, ohun tí wọ́n kọ́ wa ni pé omi ń mú asáré wúwo, pé ó ń dá inú rú, pé ọmọ tó bá mu omi lójú ọ̀nà ọ̀lẹ ni. Mo gbà á gbọ́ bí ẹ̀sìn. Mo dúró sábẹ́ igi máńgòrò kan láti máa ṣọ́ wọn. Obìnrin kan tó ń ta ẹ̀kọ létí ọ̀nà rí bàbá rẹ bó ṣe ń ta gbọ̀ọ́ngbọ̀ọ́n bọ̀, àánú rẹ̀ ṣe é, ó bu omi sí igbá, ó na igbá sí i. Bàbá rẹ gbà á. Ó ti gbé e dé ẹnu.

Mo gbá igbá náà dànù lọ́wọ́ rẹ̀.

Kò bá mi jà. Ó wò mí, ó ní "Ẹ̀gbọ́n," ó sì tún bẹ̀rẹ̀ sí í sáré. Kò ju ìbùsọ̀ kékeré kan lọ tó fi ṣubú. Ara rẹ̀ ń jó bí iná, síbẹ̀ ó ń gbọ̀n bí ẹni tí òtútù mú. Ìtọ̀ rẹ̀ dúdú bí kóòkì fún ọjọ́ mélòó kan. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló lò ní ọsibítù. Kò sáré mọ́ láyé rẹ̀. Nígbà tí o wà ní kékeré, tí o bá ní kó lé ọ nínú àgbàlá, tó bá ní ẹsẹ̀ ń dun òun, ohun tó ń ṣe é nìyẹn.

Lẹ́yìn tí mo fẹ̀yìntì ni mo rí ìwé kan kà nípa eré Olympics ti St. Louis l'Amẹ́ríkà, ní 1904. Ọ̀gá tó ṣètò eré náà, James Sullivan, mọ̀ọ́mọ̀ fi omi du àwọn asáré, ó fẹ́ wo ohun tí òùngbẹ ń ṣe fún ara. Inú ooru àti eruku ni. Èèyàn 32 ló bẹ̀rẹ̀, 14 ló parí. William Garcia dùbúlẹ̀ sójú ọ̀nà, ẹ̀jẹ̀ ń jáde lẹ́nu rẹ̀, díẹ̀ ló kù kó kú. Ọmọ Tswana méjì wà níbẹ̀ láti gúúsù Áfíríkà, Len Taunyane àti Jan Mashiani. Ajá lé Taunyane kúrò lójú ọ̀nà, síbẹ̀ ó ṣe ipò 9. Mo pa ìwé náà dé. Ọdún 79 ṣáájú igbá omi tèmi ni ayé ti rí i. Bàbá rẹ ṣì wà láyé nígbà tí mo ka ìwé yẹn. Ilé rẹ̀ àti tèmi kò jìnnà ju bí ẹni sọ òkò. Mo ní màá lọ lọ́la. Mo sọ lọ́la yẹn fún ọdún mẹ́rin, títí tí wọ́n fi wá pè mí lóru ọjọ́ tí o mọ̀.

Ìdí nìyí tí ara mi fi bù máṣọ nígbà tí obìnrin yẹn sọ pé o ń gbọ̀n nínú oòrùn. Mo ti rí i rí. Bí òtútù bá ń mú ọ nínú ooru, tí ojú ń ṣú, tí òógùn dá, eré ti parí nìyẹn, Àkànní, ì báà ku ọ̀pá mẹ́wàá. Jókòó sílẹ̀. Má sì jẹ́ kí ọ̀rọ̀ mi yìí sọ ọ́ di ẹni tó ń mu omi bí ẹni ń rọ ọ́ sí àmù. Ọmọ Òṣogbo ní àmujù náà ń ṣan iyọ̀ ara nù, ó sì ti pa èèyàn. Òùngbẹ ni kó máa darí ọ. Mo tún gbọ́ pé ẹ máa ń gbé oògùn ìrora mì kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Rántí ìtọ̀ bàbá rẹ. Kíndìnrín tí ooru ti ń fún, ẹ tún fẹ́ da oògùn sí i.

Àwọn àgbà ní ẹnìkan kì í ṣàdédé sáré nínú ẹ̀gún. Bí kò bá lé nǹkan, nǹkan ń lé e. Mo ti ń bi ara mi léèrè ohun tó ń lé ọ. Bó bá jẹ́ ẹsẹ̀ bàbá rẹ lo fẹ́ gbà padà, èmi ni mo jẹ ọ́ ní gbèsè yẹn, kì í ṣe afárá Èkó.

Ohun tí mo fẹ́ kò ní yí padà. Ní ọjọ́ kan náà ni wọ́n ń sá ti kìlómítà 10. Sá ìyẹn lọ́tẹ̀ yìí, pẹ̀lú orúkọ tìrẹ láyà rẹ. Kí o lọ rí dókítà kó tó dìgbà náà. Fi ọdún kan gbáko kọ́ ẹsẹ̀ rẹ, lẹ́yìn náà ká jọ sọ̀rọ̀ 42. O lè bínú. Bàbá rẹ náà ì bá ti bínú sí mi, kò ṣe é, mo sì fẹ́ kó ti ṣe é.

Sọ fún ìyá rẹ fúnra rẹ. N kò tíì sọ fún un, n kò sì fẹ́ kó gbọ́ ọ níbi òde.

Bó bá sì jẹ́ pé orí kunkun ìdílé wa ló máa borí, tó o ní 42 náà ni, fi ibi tí wọ́n ti ń gba èèyàn láyè láti dúró ránṣẹ́ sí mi, lẹ́yìn afárá. Má wulẹ̀ sọ pé orúnkún mi kò dára. Màá wọ mọ́tò láti Ìwó lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, màá sì ti gbé omi dúró dè ọ́.

Èmi ni,
Ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ.