Ilé La Ti Ń Kó Ẹ̀ṣọ́ Ròde

Aṣọ àti ìlẹ̀kẹ̀ ni àwọn àgbà ní lọ́kàn nígbà tí wọ́n ń pa òwe yìí. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ tí dókítà ti ṣe iṣẹ́ abẹ fún ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, tí wọ́n fa ìfun wọn yọ síta lára ikùn kí ìgbẹ́ lè máa gba ibẹ̀ bọ́ sínú àpò, báàgì kékeré kan ni ẹ̀ṣọ́ tiwa.

Ojú ihò bẹ́ẹ̀ kò ní iṣan tí a fi ń dá ìgbẹ́ dúró. Ìgbà tó bá wù ú ló ń ṣiṣẹ́, ìbáà jẹ́ nínú mọ́tò, ìbáà jẹ́ lójú agbo. Lọ́jọ́ kan, à ń bọ̀ láti Ìbàdàn sí Èkó, súnkẹrẹ fàkẹrẹ dá wa dúró, àpò sì kún. A yà sí ilé epo kan. Tọ́lẹ́ẹ̀tì ibẹ̀ kò lómi, ilẹ̀kùn kò ṣeé tì, kò sí ìṣó kan lára ògiri tí a lè fi báàgì kọ́, ilẹ̀ sì tutù rinrin. Ẹ̀gbọ́n mi fi eyín di etí bùbá mú, wọ́n fi ọwọ́ kan gbá báàgì mọ́ra. Ọwọ́ kan ló kù fún iṣẹ́ tó ń fẹ́ ọwọ́ méjì. Mo fẹ̀yìn ti ilẹ̀kùn. Ọmọkùnrin tó ń gbowó níta ń pariwo pé, "Màmá, ṣé ẹ ti sùn síbẹ̀ ni?" Nígbà tí wọ́n jáde, wọ́n ní, "Àbúrò, mi ò tún lọ sí ibì kankan mọ́." Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí wọra.

Ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n mi ti ń jáde padà báyìí. Báàgì náà ń kọ́ lọ́rùn wọn, kì í kanlẹ̀. Àpò tuntun méjì wà nínú rẹ̀, a ti gé ojú wọn sílẹ̀ láti ilé. Omi inú ike wà níbẹ̀, tíṣù, aṣọ rírọ̀, ọ̀rá dúdú, tọ́ọ̀ṣì, àti ẹ̀mú tí a fi ń há aṣọ sórí okùn: òun ló ń di bùbá sókè, tí ọwọ́ méjèèjì fi ń ráyè. Kí wọ́n tó da ohun inú àpò nù, wọ́n á kọ́kọ́ ju tíṣù sínú àwo kí omi má baà ta sí wọn lára. Omi lásán ni wọ́n fi ń nu ara. Ọṣẹ olóòórùn àti ìpara kì í jẹ́ kí gọ́ọ̀mù àpò lẹ̀ mọ́ ara. Inú ọ̀rá dúdú ni àpò àlòkù ń lọ, kì í ṣe inú tọ́lẹ́ẹ̀tì. Ẹ̀yin tí ẹ ń lo irú àpò yìí, ẹ má fi báàgì yín sílẹ̀ nínú mọ́tò tí oòrùn ń pa, ooru a máa ba gọ́ọ̀mù jẹ́.

Ẹ má dúró kí àpò kún. Bó bá ti dé ìdá kan nínú mẹ́ta, tí ẹ sì rí ibi tó mọ́, ẹ yà. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má sì tìtorí ìrìn àjò febi pa ara yín tàbí kí ẹ kọ omi. Ẹni tí ìfun kékeré rẹ̀ ni wọ́n fà síta, omi ara rẹ̀ lè tètè gbẹ, ewu ńlá sì ni.

Ẹ̀yin onílé epo àti onígaréèjì, òfin tí Ààrẹ Buhari bu ọwọ́ lù ní 2019 nítorí àwọn aláàbọ̀ ara fún àwọn ilé ìlò gbogbo ènìyàn ní ọdún 5 láti tún ara wọn ṣe. Ọdún 5 náà ti pé. Ẹ kan ìṣó kan mọ́ ògiri, ẹ fi ìdè kan sí ilẹ̀kùn, ẹ pọn garawa omi kan síbẹ̀. Bí ẹnìkan bá sì pẹ́ nínú tọ́lẹ́ẹ̀tì, ẹ má pariwo lé e lórí; ẹ rọra bi í bóyá omi ló tán.