Iṣẹ́ Tí Ooru àti Òtútù Ń Ṣe Lára Iṣan Lẹ́yìn Gbígbé Irin

Iṣẹ́: Ẹ̀kọ́ Ìlera àti Eré Ìdárayá
Kíláàsì: Ọdún Kejì, Sẹ́kọ́ńdírì Àgbà
Àkókò: Ìṣẹ́jú 40

Èròńgbà
Ní ìparí ẹ̀kọ́ yìí, akẹ́kọ̀ọ́ yóò lè:
1. ṣàlàyé ohun tó ń mú iṣan ro ẹni lẹ́yìn gbígbé irin;
2. sọ ohun tí òtútù àti ooru ń ṣe sí òpó ẹ̀jẹ̀ àti iṣan;
3. yan èyí tó yẹ nínú méjèèjì, kí ó sì sọ ìdí rẹ̀;
4. dárúkọ àwọn tó gbọ́dọ̀ ṣọ́ra.

Ohun èlò ìkọ́ni
Yìnyín, aṣọ ìnura, àpò rọ́bà omi gbígbóná, tẹmómítà, àwòrán iṣan itan.

Ìfáárà
Olùkọ́ yóò bi àwọn akẹ́kọ̀ọ́ léèrè ohun tí wọ́n máa ń lò nílé bí ara bá ń ro wọ́n lẹ́yìn eré ìje tàbí iṣẹ́ oko. Àwọn kan yóò dárúkọ omi gbígbóná, àwọn kan ìpara Robb tàbí Aboniki, àwọn tó ń wo bọ́ọ̀lù yóò sì dárúkọ yìnyín. Olùkọ́ yóò kọ gbogbo rẹ̀ sójú pátákó, kí kíláàsì lè yẹ ọ̀kọ̀ọ̀kan wò.

Ìgbésẹ̀ Kìíní: Ohun tó ń mú iṣan ro ẹni
Fọ́nrán tẹ́ẹ́rẹ́ tó pọ̀ ló para pọ̀ di iṣan. Bí a bá gbé irin tó wúwo, pàápàá nígbà tí a bá ń rọra sọ ọ́ kalẹ̀, àwọn fọ́nrán yìí máa ń ya wẹ́wẹ́, kì í ṣe èyí tí ojú lè rí. Ara á rán ẹ̀jẹ̀ àti àwọn sẹ́ẹ̀lì atúnṣe lọ síbẹ̀. Ibẹ̀ á wú díẹ̀, á sì máa ro. Ìrora yìí máa ń bẹ̀rẹ̀ láàárín wákàtí 12 sí 24, á le jù láàárín wákàtí 24 sí 72, lẹ́yìn náà á rọlẹ̀ fúnra rẹ̀.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé lactic acid ló ń fà á. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ìyẹn ti máa ń kúrò nínú iṣan láàárín wákàtí kan sí méjì, kí ìrora ọjọ́ kejì tó dé.

Kókó tí akẹ́kọ̀ọ́ gbọ́dọ̀ dì mú: wíwú díẹ̀ yìí wà lára iṣẹ́ àtúnṣe. Àtúnṣe yìí ló ń sọ iṣan di ńlá, tó sì ń fún un lágbára.

Ìgbésẹ̀ Kejì: Òtútù
Òtútù máa ń mú òpó ẹ̀jẹ̀ súnkì. Ẹ̀jẹ̀ tó ń lọ síbẹ̀ á dín kù, wíwú á fà sẹ́yìn, ìròyìn ìrora tó ń lọ sí ọpọlọ á sì falẹ̀. Ìdí nìyí tí àwọn eléré ìdárayá fi ń wọnú omi tí ìwọ̀n rẹ̀ jẹ́ 10°C sí 15°C fún ìṣẹ́jú 10 sí 15. Òótọ́ ni pé ó ń dín ìrora kù. Ní 2012, àwọn onímọ̀ àjọ Cochrane yẹ ìwádìí 17 wò, wọ́n sì rí i pé ara kì í ro àwọn tó wọ omi tútù tó àwọn tó kàn sinmi.

Àmọ́ ó ní ohun tó ń gbà padà. Ní Australia, ìwádìí kan tó jáde ní 2015 tọ́pa ọkùnrin 21 tó ń fi irin kọ́ ẹsẹ̀ wọn fún ọ̀sẹ̀ 12. Lẹ́yìn iṣẹ́, apá kan máa ń wọ omi 10°C fún ìṣẹ́jú 10, apá kejì sì ń rọra wa kẹ̀kẹ́ fún ìṣẹ́jú kan náà. Iṣan àti agbára àwọn tó wa kẹ̀kẹ́ pọ̀ sí i ju ti àwọn tó wọ omi tútù lọ. Ní Netherlands, ìwádìí 2020 kan ní kí ọkùnrin 12 ti ẹsẹ̀ kan bọ omi 8°C, kí wọ́n ti èkejì bọ omi 30°C. Ẹsẹ̀ tó wà nínú omi tútù kò fi púrótéènì kọ́ iṣan tó èkejì.

Dókítà Gabe Mirkin ará Amẹ́ríkà, tó polongo ìsinmi àti yìnyín fún ìfarapa nínú ìwé rẹ̀ ní 1978, sọ fúnra rẹ̀ ní 2014 pé yìnyín lè fa ìwòsàn sẹ́yìn.

Ìgbésẹ̀ Kẹta: Ooru
Ooru máa ń mú òpó ẹ̀jẹ̀ fẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ á rìn dáadáa, iṣan tó le á rọ̀, oríkèé á sì ṣeé tẹ̀. Ìṣẹ́jú 15 sí 20 tó, kí omi náà lọ́ wọ́ọ́rọ́, kí ó má ṣe bó ara. Ṣùgbọ́n bí ẹsẹ̀ bá rọ́ tàbí tí ibì kan wú lójijì, ẹ má fi ooru sí i láàárín wákàtí 48 àkọ́kọ́, nítorí yóò mú un wú sí i.

Ní ti Robb àti Aboniki, menthol inú wọn ń jẹ́ kí awọ ara gbà pé òtútù bà á, ọkàn á sì kúrò lára ìrora. Wọn kì í mú iṣan inú lọ́hùn-ún gbóná. Ẹ má fi wọ́n pa ojú egbò, ẹ má sì gbé àpò omi gbígbóná lé wọn lórí, nítorí ó lè jó awọ.

Èwo ni kí a yàn?
- Ìdíje mìíràn ń bẹ lọ́la: omi tútù dára, kí ìrora lè dín kù.
- A fẹ́ kí iṣan dàgbà: ẹ yẹra fún omi tútù lẹ́yìn gbígbé irin.
- Iṣan le, ara ò sì wú: ẹ lo ooru.
- Ibi tó rọ́ ń wú: ẹ fi aṣọ di yìnyín, kó má ju ìṣẹ́jú 20 lọ.

Ìkìlọ̀
Àwọn tí ẹ̀jẹ̀ wọn jẹ́ SS kò gbọdọ̀ wọ omi yìnyín, nítorí òtútù lè dá ìrora ńlá sílẹ̀ lára wọn. Ẹni tó ní àtọ̀gbẹ lè má mọ̀ ọ́n lára bí omi gbígbóná bá ń bó ẹsẹ̀ rẹ̀. Bí ìtọ̀ bá dúdú lẹ́yìn iṣẹ́ líle, ilé ìwòsàn ni kí a gbà lọ lọ́gán.

Ìgbéléwọ̀n
1. Kí ni ó ń mú iṣan ro ẹni lọ́jọ́ kejì?
2. Kí ni òtútù ń ṣe sí òpó ẹ̀jẹ̀? Kí ni ooru ń ṣe?
3. Kí nìdí tí ẹni tó fẹ́ kí iṣan rẹ̀ dàgbà kò fi gbọdọ̀ máa wọ omi tútù lẹ́yìn iṣẹ́?

Iṣẹ́ àṣetiléwá
Béèrè lọ́wọ́ àgbàlagbà kan nílé ohun tó ń lò fún ara ríro. Kọ ìpínrọ̀ kan tí o ti ṣàlàyé iṣẹ́ tí ohun náà ń ṣe.

Ọ̀rọ̀ sí akẹ́kọ̀ọ́
Ìrora tó tètè lọ kọ́ ni àmì pé iṣan ti lágbára. Oúnjẹ bí ẹ̀wà, ẹyin àti ẹja, oorun tó tó, àti ìsinmi ló ń kọ́ ọ. Ẹ jẹ́ kí ara ṣe iṣẹ́ rẹ̀.