Ìṣó Mẹ́rin, Táyà Mẹ́rin

ÌBÉÈRÈ

Ìlú Houston ni mo ti ń kọ̀wé yìí. Àwọn ìbejì mi, ọkùnrin àti obìnrin, ti pé ọmọ ọdún mẹ́jọ, àwọn méjèèjì sì wà nínú ẹgbẹ́ àwọn ọmọdé tí wọ́n ń pè ní Cub Scouts. Lọ́dún tó kọjá, wọ́n fún kálukú wọn ní páálí kan láti fi ṣe ọkọ̀ kékeré fún ìdíje: igi páìnì, táyà oníke mẹ́rin, ìṣó mẹ́rin. A gbẹ́ ọkọ̀ méjèèjì bákan náà, a gbé wọn sórí ìwọ̀n, oúnsì márùn-ún gérégé ni ọ̀kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí wọ́n tú wọn sílẹ̀, ti Táíwò sáré lọ ní tirẹ̀. Ti Kẹ́hìndé bẹ̀rẹ̀ dáadáa, àmọ́ bó ṣe dé ibi tí ojú ọ̀nà ti tẹ́jú, ńṣe ló ń wọ́ bí ẹni tí oorun ń kùn. Kẹ́hìndé, ọmọbìnrin mi, sunkún títí a fi délé. Òróró tí a fi ń rẹ ìlẹ̀kùn tó ń ké ni bàbá wọn fín sí táyà rẹ̀ ní àárọ̀ ọjọ́ náà, kó lè yára. Ìdíje tọdún yìí ti ń kan ìlẹ̀kùn. Kí la ṣe tí kò dára? Àbí kí n kúkú ra ìṣó tí wọ́n ti dán sílẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì?

Ìyá Ìbejì

ÌDÁHÙN

Ìyá Ìbejì, ẹ kú ìtọ́jú ọmọ. Ẹ bá mi rẹ Kẹ́hìndé lẹ́kún. Ẹ sọ fún un pé òun ni àgbà, Táíwò ló rán lọ wo bí ojú ọ̀nà ṣe rí.

Ìwé yín fúnra rẹ̀ ti tọ́ka sí ibi tó ń dunni. Igi kan náà, ìwọ̀n kan náà, ìrísí kan náà: kò sí ohun tó kù ju táyà àti ìṣó lọ. Ọkọ̀ yìí kò ní ẹ́ńjìnnì. Orí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tó ti sọ̀ kalẹ̀ ló ti gba gbogbo agbára tó ní, ìyẹn náà ni yóò máa ná títí dé òpin. Táyà rẹ̀ kò sì ní béárìn, ike ló ń yí lórí ìṣó lásán. Bí ojú ọ̀nà bá gùn tó ẹsẹ̀ bàtà 40, táyà kọ̀ọ̀kan á yí tó ìgbà 130 kó tó dé òpin. Tí ìṣó bá wá ní eyín kan ṣoṣo lára, ìgbà 130 ni eyín yẹn á họ inú ike. Ẹ kò ní mọ̀ níbi tí ọkọ̀ ti ń sọ̀ kalẹ̀. Ibi tí ilẹ̀ bá ti tẹ́jú ni gbèsè ti ń yọjú.

Ní ti òróró, ẹ má bá Bàbá Ìbejì jà. Èmi náà ti ṣe é rí. Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, agolo sàdíìnì la fi ń ṣe mọ́tò, sílípáàsì tó ti já la fi ń gé táyà. Lọ́jọ́ kan mo yọ́ bu àdí ìyá mi, mo fi pa igi tó gbé táyà mi dúró, kí n lè fi àwọn ẹgbẹ́ mi sílẹ̀. Kí oòrùn tó kan àtàrí, iyẹ̀pẹ̀ ti lẹ̀ mọ́ ọn pátápátá, táyà kò yí mọ́. (Ọ̀rọ̀ àdí yẹn dé etí ìyá mi, ìyẹn sì ní ẹjọ́ tirẹ̀.) Òróró ìlẹ̀kùn náà ń fa eruku mọ́ra bẹ́ẹ̀. Ẹ̀tù gíráfáìtì gbígbẹ ni ẹ máa lò, irú ohun dúdú tó wà nínú pẹ́ńsùlù. Ọ̀pọ̀ ibi tí wọ́n ti ń ṣe ìdíje yìí ni kò tilẹ̀ gba ohun olómi láàyè. Nítorí náà, kí ẹ tó fọwọ́ kan ohunkóhun, ẹ gba ìwé òfin lọ́wọ́ àwọn olórí ẹgbẹ́ yín, kí ẹ kà á tán. Òfin ẹgbẹ́ kan kì í bá ti òmíràn mu.

Ó yá, ẹ mú ìṣó tuntun kan, kí ẹ gbé e síbi tí ìmọ́lẹ̀ wà. Ẹ wo abẹ́ orí rẹ̀ dáadáa: irin ti yọ etí níbẹ̀. Ẹ wo ara rẹ̀: ẹ ó rí ojú ibi tí ẹ̀rọ ti dì í mú nígbà tó ń lu orí fún un. Àwọn wọ̀nyí ni ọ̀tá Kẹ́hìndé. Ẹ ki ẹnu ìṣó bọ dírílì, kí orí rẹ̀ wà níta. Bí dírílì bá ti ń yí jẹ́jẹ́, ẹ dágẹ̀rẹ́ fáìlì kékeré sí abẹ́ orí ìṣó títí etí yẹn á fi lọ. Iṣẹ́ àgbà nìyẹn, kí ẹ sì wọ awò láti dáàbò bo ojú. Lẹ́yìn èyí, ẹ gé sáńpépà tó ṣeé rì sómi ní tẹ́ẹ́rẹ́, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti orí nọ́ńbà 400, ẹ bọ́ sí 600, 1000, títí dé 2000. Ọmọ lè di ìyẹn mú, àmọ́ kó má wé e mọ́ ìka. Ẹ fọ ìṣó kí ẹ tó pààrọ̀ sáńpépà, torí bí hóró iyanrìn 400 kan bá bá yín dé 2000, ẹ ti tún gbogbo rẹ̀ bà jẹ́.

Ẹ má tẹ̀ ẹ́ jù o. Ibi tí ọ̀pọ̀ òbí ti ń ṣìṣe nìyí: wọ́n á ha ìṣó títí á fi tín-ín-rín, táyà á wá máa jó lórí rẹ̀. Kí ojú ibi tí ẹ̀rọ dì mú ṣáà ti lọ, ó tó. Ibi tí táyà ń jókòó sí nìkan ló nílò dídán, ẹ jẹ́ kí apá tó ń wọnú igi wà bó ṣe wà kó lè dúró gírígírí. Ohun tí mo fi ń parí tèmi ni Brasso, tí sójà fi ń dán bọ́tìnì àti ìdè bẹ́líìtì wọn. Tí kò bá sí, ọṣẹ ìfọyín náà ń dán irin. Ẹ fi ọṣẹ àti omi fọ̀ ọ́ mọ́, ẹ nù ún gbẹ, kí ẹ wá fi òwú fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ nù ún kọjá. Tí òwú bá há síbì kan, eyín ṣì wà níbẹ̀.

Táyà kò gba agbára. Ẹ fi ọ̀kọ̀ọ̀kan sórí ìṣó tó ti dán, ẹ ta á kó yí bírí, kí ẹ máa wo etí rẹ̀. Èyí tó bá ń jó, ẹ yà á sọ́tọ̀. Ojú tó ń tẹ ilẹ̀ sábà máa ń ní àmì ibi tí wọ́n ti da ike náà. Bí òfin yín bá gbà, sáńpépà 600 pẹ̀lú omi, àti ọwọ́ lásán, á mú un kúrò. Dírílì tó bá ń sáré á yọ́ ike. Sáńpépà kò gbọ́dọ̀ wọ inú ihò láéláé. Òwú tí a wé mọ́ igi tín-ín-rín ni kí ẹ fi ọṣẹ ìfọyín díẹ̀ sí, kí ọmọ máa yí i nínú ihò nígbà mélòó kan, kó wá fọ̀ ọ́, kó gbẹ dáadáa.

Ìta gbangba ni kí ẹ ti bu gíráfáìtì, lórí ìwé ìròyìn àtijọ́, kí kálukú bo imú. Bí ó bá kan kápẹ́ẹ̀tì, ẹ ó rántí mi. Ẹ gbọn díẹ̀ sínú ihò táyà, ẹ ki ìṣó bọ̀ ọ́, ẹ máa ta á kó yí. Ẹ tún gbọn òmíràn, ẹ tún ta á. Tó bá ti tó ìgbà mẹ́rin tàbí márùn-ún, ẹ fi díẹ̀ pa ara igi níbi tí táyà ti lè fara kàn án. Nígbà tí ẹ bá ń ti ìṣó wọlé, ẹ fi káàdì ATM sáàárín táyà àti igi, àlàfo tó yẹ kó wà níbẹ̀ nìyẹn.

Ẹ wá gbé ọkọ̀ sórí tábìlì gígùn tó tẹ́jú, ẹ tì í díẹ̀. Bó bá ń fà sí apá kan bíi mọ́tò tí aláínmẹ́ǹtì rẹ̀ ti lọ, ẹ yí ọ̀kan nínú àwọn ìṣó iwájú díẹ̀díẹ̀ títí á fi lọ tààrà. Tó bá ń fà, ẹ̀gbẹ́ táyà á máa gbo irin tó ń tọ́ ọkọ̀ láàárín ojú ọ̀nà, iṣẹ́ dídán yín á sì ṣòfò. Láti ìgbà náà, kò gbọ́dọ̀ fẹsẹ̀ kan ilẹ̀ kíṣìnì mọ́. Inú páálí ni kó wà títí di ọjọ́ ìdíje.

Ẹ bi mí nípa ìṣó tí wọ́n ti dán sílẹ̀. Ó ń yára lóòótọ́, ibòmíràn sì gbà á. Àmọ́ ẹni tó dá ìdíje yìí sílẹ̀ ní Manhattan Beach, California, lọ́dún 1953, Don Murphy, ṣe é torí pé ọmọ rẹ̀ kò tíì dàgbà tó ẹni tí wọ́n ń gbà síbi ìdíje ọkọ̀ ńlá táwọn ọmọ ń jókòó sínú rẹ̀. Ó wá wá ohun tí òun àti ọmọ lè jọ ṣe. Tó bá jẹ́ èmi ni, n kò ní rà á. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ méjì ni iṣẹ́ yìí máa gbà yín, kò jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ọjọ́ tí ẹ bá ṣí páálí tuntun, ẹ da táyà mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ pọ̀ sínú abọ́ kan, kí ẹ jẹ́ kí Kẹ́hìndé kọ́kọ́ ṣà.