Àròkọ Alálàyé: Fífi Kọ̀ǹpútà Wá Ọ̀nà láti Ká Ọba Mọ́ nínú Ṣẹ́ẹ̀sì

Ìbéèrè: Ṣe àlàyé bí kọ̀ǹpútà ti ń rí ọ̀nà láti ká ọba mọ́ ní ìparí eré ṣẹ́ẹ̀sì.

Ìmọ̀ràn: Àlàyé ni wọ́n ní kí o ṣe. Kọ́kọ́ sọ ohun tí nǹkan náà jẹ́. Lẹ́yìn èyí, bí ó ti ń ṣiṣẹ́. Kí o wá fi àpẹẹrẹ kan tì í lẹ́yìn. Má rò pé ẹni tí yóò máàkì ìwé rẹ mọ eré náà.

Àròkọ Àwòṣe

Ẹni méjì ní í ta ṣẹ́ẹ̀sì, olúkúlùkù sì ní ọba tí ó ń dáàbò bò. Bí ọba bá bọ́ sínú ewu, tí kò ríbi sá sí, tí kò sì sí ohun tí ó lè gbà á, a ti ká a mọ́ nìyẹn, eré parí. Nígbà tí ọmọ orí ọpọ́n bá ṣẹ́kù díẹ̀, ó máa ń ṣẹlẹ̀ pé ẹnì kan lè ká ọba ẹnì kejì mọ́ dandan, ohun yòówù kí onítọ̀hún ṣe. Rírí ọ̀nà náà ni iṣẹ́.

Ọ̀nà méjì ni kọ̀ǹpútà ń gbà. Èkíní, ó ń wo iwájú: bí mo bá ṣe báyìí, kí ni ó lè fi dáhùn? Bí kò bá sí ìdáhùn tí ó lè gba ọba là, ọ̀nà ti yọ. Èkejì, ó ń ti ẹ̀yìn bọ̀: yóò kó gbogbo ipò tí ọba ti há jọ, yóò sì máa padà sẹ́yìn ní ìṣísẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Ní ọdún 2012, wọ́n ṣe irú ìṣirò yìí dé orí ọmọ méje ní Mọ́síkò, ní ilẹ̀ Rọ́ṣíà. Ipò kan wà níbẹ̀ tí ó gbà ju 500 ìṣísẹ̀ lọ.

Ní ìparí àwọn ọdún 1970, Ken Thompson, ará Amẹ́ríkà, ṣe é fún ayaba tí ó dojú kọ ilé-ìṣọ́. Walter Browne, ọ̀ta pàtàkì, mú ayaba. Kọ̀ǹpútà mú ilé-ìṣọ́. Bí 50 ìṣísẹ̀ bá pé láìjẹ ọmọ kankan, ọ̀mì ni. Browne kò rí i jẹ, nítorí kọ̀ǹpútà ń gbé ilé-ìṣọ́ jìnnà sí ọba rẹ̀, èyí tí ìwé kò kọ́ni. Ó lọ kẹ́kọ̀ọ́ sí i. Nígbà tí ó padà dé, ó jẹ ilé-ìṣọ́ náà ní ìṣísẹ̀ àádọ́ta gan-an.

Nítorí náà, má ṣe sáré bi kọ̀ǹpútà. Kọ èrò tìrẹ sílẹ̀ ná, kí o wá fi wé tirẹ̀, kí o lè rí ihò tí ọba ìbá gbà sá lọ. Kọ̀ǹpútà ń sọ ohun tí a ó ṣe. Kì í sọ ìdí rẹ̀. Bí o bá sì lò ó nínú ìdíje, ìrẹ́jẹ ni. Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ kí a pe àgbà ní wèrè, ṣùgbọ́n orí tìrẹ ni ìwọ yóò gbé jókòó ti ọpọ́n.

Àkíyèsí: Má ṣe há àròkọ yìí sórí. Ayò ni wọ́n lè bi ọ́ lọ́jọ́ ìdánwò. Ètò rẹ̀ ni kí o mú lọ.