Bàálù Tó Ń Gba Ọ̀tún Nígbà Tí Awakọ̀ Ní Kó Gba Òsì

Ẹ fojú inú wò ó: ẹ wà lórí ọ̀kadà, kòtò wà níwájú. Ẹ yí ọwọ́ ọ̀kadà sósì kí ẹ lè yẹ̀ ẹ́, ọ̀kadà bá gba ọ̀tún lọ. Ẹ tún yí i sósì sí i, ó tún bọ́ sọ́tùn-ún sí i. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí àwọn awakọ̀ bàálù Air Astana kan nìyẹn lójú òfurufú Pọ́túgà, ní ọjọ́ 11 oṣù Kọkànlá ọdún 2018.

Embraer 190 ni bàálù náà. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò lọ́wọ́ àwọn tó ṣe àtúnṣe ńlá sí i ní Alverca, nítòsí Lisbon, wọ́n sì fẹ́ gbé e padà sí Kazakhstan. Èèyàn mẹ́fà péré ló wà nínú rẹ̀: awakọ̀ mẹ́ta, ẹnjiníà mẹ́ta. Kò pẹ́ tó gbéra ló bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ̀gbẹ́ délẹ̀.

Kí ló fà á? Ní etí ẹ̀yìn apá bàálù, níbi ìpẹ̀kun, abala kékeré kan wà tó ń lọ sókè sódò bí ilẹ̀kùn. Aileron la ń pè é. Tí ti apá ọ̀tún bá sọ̀kalẹ̀, afẹ́fẹ́ á gbé apá yẹn sókè. Ti òsì á gòkè lẹ́ẹ̀kan náà, agbára tó ń gbé apá òsì á sì dínkù. Bàálù á wá tẹ̀ sósì. Okùn irin ló so aileron Embraer 190 mọ́ ọwọ́ ìdarí tó wà níwájú awakọ̀. Nígbà tí wọ́n ń tún bàálù yìí ṣe, wọ́n gbé okùn náà gba ibi tí kò yẹ, gbogbo rẹ̀ bá dorí kodò.

Èyí tó burú jù ni pé spoiler, abala míì lórí apá, kọ̀ǹpútà ló ń darí òun. Òun ń ṣe ohun tí awakọ̀ wí! Aileron ń fà á sọ́tùn-ún, spoiler ń fà á sósì. Ta ló fẹ́ mọ ibi tí àṣìṣe wà nínú irú ìjà bẹ́ẹ̀?

Ohun tó dùn mí ni pé kọ̀ǹpútà bàálù náà ti kìlọ̀ kí wọ́n tó gbéra. Wọ́n fi ọ̀pọ̀ ọjọ́ wá ohun tó ń ṣe é, wọn ò rí i. Nínú bàálù kékeré, wọ́n máa ń kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ awakọ̀ pé kó na àtàǹpàkò sókè lórí ọwọ́ ìdarí, kó yí i, kó sì wo apá. Aileron tí àtàǹpàkò bá tẹ̀ sí ló yẹ kó gòkè. Ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan ni.

Àwọn awakọ̀ náà tiẹ̀ rò ó pé àwọn á gbé e bọ́ sínú òkun. Nígbà tó yá, wọ́n yọ kọ̀ǹpútà kúrò nínú ìdarí, bàálù sì rọlẹ̀ díẹ̀, àfi yíyí sósì-sọ́tùn-ún tí kò yí padà. Wọ́n wá kíyè sí i pé bí àwọn bá ṣe fọwọ́ kan aileron mọ níwọ̀n ló ṣe ń dúró jẹ́ẹ́ tó. Bàálù ogun F-16 Pọ́túgà sìn wọ́n dé Beja. Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n gbìyànjú láti balẹ̀ tí kò bọ́ sí i. Ní ẹlẹ́ẹ̀kẹta, ọ̀nà ìbalẹ̀ tọ̀tún ni wọ́n dojú kọ, tòsì ni wọ́n bà sí. Ẹnì kan fẹsẹ̀ pa, kò sẹ́ni tó kú. Bàálù náà ni kò fò mọ́.