Orí Keje: Kọ̀ǹpútà Tó Ń Bá Wa Wo Ọ̀run

Ní Mushin àti Súrùlérè ní Èkó, iná àdúgbò àti èéfín kì í jẹ́ ká rí ìràwọ̀ púpọ̀ lálẹ́. Àwọn onímọ̀ ìràwọ̀ ní awò ńlá tó ń rí ohun tí ojú lásán kò rí. Ìṣòro tiwọn ni pé ohun tí awò ń kó jọ ti pọ̀ ju ohun tí ènìyàn lè wò tán.

Awò Kepler

Lọ́dún 2009, àjọ NASA ilẹ̀ Amẹ́ríkà gbé awò Kepler lọ sí òfuurufú. Ó ṣọ́ ìmọ́lẹ̀ ìràwọ̀ tó lé ní 150,000 kí iṣẹ́ rẹ̀ tó parí lọ́dún 2018. Bí pílánẹ́ẹ̀tì bá gba iwájú ìràwọ̀ kọjá, ìmọ́lẹ̀ ìràwọ̀ náà á dín kù díẹ̀. Ṣùgbọ́n nǹkan mìíràn náà lè mú un dín kù.

Bí kọ̀ǹpútà ṣe kọ́ṣẹ́

Bí ìyá ọlọ́jà ní ọjà Daleko bá ń kọ́ ọmọ ní ẹ̀wà ṣíṣà, á fi ẹ̀wà hàn án, á fi òkúta hàn án, títí ojú ọmọ á fi dá a mọ̀. Ohun tí Christopher Shallue ti Google àti Andrew Vanderburg ti Yunifásítì Texas ṣe nìyẹn. Wọ́n fi àpẹẹrẹ 15,000 láti inú àkọsílẹ̀ Kepler, tí ènìyàn ti yẹ̀ wò, han kọ̀ǹpútà kó lè dá èyí tí pílánẹ́ẹ̀tì fà mọ̀. Èyí ni à ń pè ní ọgbọ́n àtọwọ́dá. Wọ́n wá ní kó tún àkọsílẹ̀ ìràwọ̀ 670 yẹ̀ wò. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2017, wọ́n kéde pílánẹ́ẹ̀tì tuntun, Kepler-90i. Òun ló sọ pílánẹ́ẹ̀tì ìràwọ̀ rẹ̀ di 8, bíi ti oòrùn wa.

Ohun tí kò jọ ìyókù

Ní Gúúsù Áfíríkà, awò MeerKAT ní dííṣì 64 tó ń gba ìgbì rédíò láti ọ̀run. Onímọ̀ ìràwọ̀ Michelle Lochner àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lo ètò kọ̀ǹpútà Astronomaly láti yẹ àwọn àwòrán awò náà wò. Ètò yìí kì í wá ohun tí a ti mọ̀. Ohun tó ṣàjèjì ló ń yọ sọ́tọ̀. Ó yọ òrùka ńlá kan jáde, wọ́n sì sọ ọ́ ní SAURON. Kọ̀ǹpútà kò lè sọ ohun tó jẹ́. Àwọn ènìyàn ló jókòó ti ìwádìí náà.

Kọ̀ǹpútà máa ń yára ṣà, ó sì máa ń ṣì í ṣà. Ìdí nìyẹn tí àwọn onímọ̀ fi ń yẹ ohun tí kọ̀ǹpútà bá mú wá wò kí wọ́n tó kéde rẹ̀. Ní Yaba níbí, àjọ DSN (tó ń jẹ́ Data Science Nigeria tẹ́lẹ̀) ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ ní ọgbọ́n àtọwọ́dá.

Ìbéèrè

1. Kí ni Kepler ṣọ́?
2. Àpẹẹrẹ mélòó ni wọ́n fi kọ́ kọ̀ǹpútà?
3. Báwo ni iṣẹ́ Astronomaly ṣe yàtọ̀?
4. Iṣẹ́ wo ló kù fún ènìyàn?