Ó kọ oògùn rẹ̀

ÌBÉÈRÈ: Ilé ìwòsàn ní àìsàn ọpọlọ tí wọ́n ń pè ní sikisofiríníà ló ń ṣe àbúrò mi. Ó ti kọ oògùn, Màmá wa wá ń lọ̀ ọ́ sínú ẹ̀kọ mímu fún un. Ṣé kò léwu?

ÌDÁHÙN: Ó léwu. Ẹ bá mi bẹ Màmá kí wọ́n dáwọ́ dúró. Ẹni tó ti ń fura tẹ́lẹ̀, bó bá já ọgbọ́n yìí, kò ní jẹun yín mọ́. Ẹ bi í léèrè ohun tí oògùn ń ṣe é: ara gígan ni, àbí ọwọ́ gbígbọ̀n, àbí oorun àsùnjù? Dókítà lè dín oògùn náà kù tàbí kó pààrọ̀ rẹ̀. Abẹ́rẹ́ kan tún wà dípò oògùn ojoojúmọ́, tí nọ́ọ̀sì ń gún ní ọ̀sẹ̀ 2 sí 4 síra.

Bó bá ní òun ń gbọ́ ohùn, ẹ má bá a jiyàn, ẹ má sì gbè é. Ẹ ní: “Èmi ò gbọ́ ọ, ṣùgbọ́n mo rí i pé ó ń dà ọ́ láàmú.”

Bí ẹnikẹ́ni bá dábàá ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀, ẹ kọ̀ ọ́. A lè tọ́jú aláìsàn láìsí i: ní bí 1954 ni Dókítà Adeoye Lambo ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi àwọn aláìsàn ilé ìwòsàn ọpọlọ Arò, l'Abẹ́òkúta, wọ̀ sọ́dọ̀ àwọn ará abúlé, tàwọn tẹbí wọn, tí wọ́n sì ń wá gba ìtọ́jú nílé ìwòsàn náà.

Bó bá ń sọ̀rọ̀ ikú, ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an.